Ẹnu Kan fún Gbogbo Ọkọ̀: Láti Òkè-Ìlá Dé Etí Odò Mississippi

Máṣíìnì kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, n kò sì gbọ́ ìró kankan. Mo ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lọ́wọ́ kan, àpò ata wà lọ́wọ́ kejì. Gbogbo ẹni tó mọ òkè yẹn ló mọ bí ọ̀kadà ṣe máa ń ké nígbà tó bá ń gùn ún, bí ọmọ tí wọ́n ń fà létí. Èyí kò ké. Ọkùnrin kan wà lórí rẹ̀, àpò gàrí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kàn ń gòkè lọ bí ẹni pé ẹnìkan tí a kò rí ń fi okùn fà á láti òkè. Mo ju àpò ata sílẹ̀, mo sáré tẹ̀lé e.

"Ẹ dákun, ẹ dúró! Kí lẹ fi ń wa nǹkan yìí?"

Ọkùnrin náà dúró, ó wò mí bóyá orí mi pé. Àlejò ni, láti Àkúrẹ́.

"Bátìrì ni, Mà."

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kan mọ́tò tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì elépo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè yẹn, awọ ọwọ́ rẹ̀ á bó. Mo dúró níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ, mo ṣì na ọwọ́ síwájú. Nígbà tí mo padà síbi ata mi, ìdajì rẹ̀ ti yí wọ gọ́tà.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa bátìrì, tí mo ń tú èyí tó ti kú láti wo inú rẹ̀, tí mo mọ ìyàtọ̀ láàárín fólìtì àti áńpíà bí mo ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti ṣúgà. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn ra máṣíìnì oníná. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbà mí gbọ́. Mo ri òpó kan síwájú ilé mi, mo so ó mọ́ páńẹ́lì oòrùn orí òrùlé, ibẹ̀ sì ni gbogbo wọn ti ń wá ṣáàjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Mọ́mì Ṣájà.

Ẹnu méjì ní ìlú kan

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí gbọ́ ni Dáre, tó ń fi máṣíìnì kó iṣu láti Ìjan wá sí Adó. Ó ta ọ̀kadà elépo rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi. Lílọ kò ṣòro. Bíbọ̀ ni wàhálà, nítorí pé iṣu wúwo, ọ̀nà náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀. Bátìrì á fẹ́ẹ̀ tán kó tó kúrò ní Ìjan.

Òpó kan sì wà ní Ìjan. Alhaji Làmídì ló ni ín, ọmọ Adó tó ń ta fóònù, tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó máṣíìnì oníná wọlé lẹ́yìn mi. Òpó mẹ́ta ló ní: ọ̀kan ní Adó, ọ̀kan ní Ìjan, ọ̀kan ní Ìlúmọba. Ṣùgbọ́n ẹnu ṣájà tirẹ̀ rí roboto, irin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Tèmi pẹlẹbẹ, irin méjì tó nípọn, pẹ̀lú ìkọ́ kékeré tó ń tì í pa kó má bàa já. Ọ̀kan kò wọ inú èkejì. Dáre á dúró ti òpó Alhaji pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn, bátìrì rẹ̀ á ti gbẹ, iná á wà níwájú rẹ̀, kò ní lè mu ún. Yóò wá máa ti máṣíìnì náà bí ẹni ń ti màlúù tó ń ṣàìsàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá mi. Kò jókòó.

"Mọ́mì, mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Mò ń padà sí ti epo."

"Dáre, fún mi láàyè díẹ̀."

"Tí mo bá fún yín láàyè, ṣé ẹnu máṣíìnì mi á yí padà ni?"

"Ṣé o ti bá Alhaji sọ ọ́?"

"Alhaji ní kí n ju tiyín sínú igbó, kí n wá ra tòun. Ẹ̀yin náà ní ẹnu tiẹ̀ dà bí ẹnu kẹ́tùlù. Àárín yín ni mo wà tí mo ń ti máṣíìnì." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ. "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ rin ìrìn-àjò. Màá dúró dè yín. Tí ẹ bá dé tí ọ̀rọ̀ kò yí, mo tà á."

Mo mọ̀ pé bí Dáre bá lọ, àwọn márùn-ún yòókù á tẹ̀lé e. Wọn á sọ ọ́ káàkiri pé iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní Èkìtì, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbìyànjú rẹ̀ títí ayé mi.

Lóòótọ́ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, Fẹ́mi, ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe Fẹ́mi nìkan ni mò ń lọ wò. Mo ti kà á pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná níbẹ̀ ti bá ara wọn jà lórí ẹnu ṣájà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ti wá gbà láti lo ẹyọ kan. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì, kí n sì bi í léèrè bó ṣe ṣe é.

Áyọ́ọ̀nù àádọ́jọ

Ooru Houston, ìlú tí Fẹ́mi ń gbé, kò yàtọ̀ sí tiwa. Ó ń lẹ̀ mọ́ni lára bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó yàtọ̀ ni ìkíni. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín sí ọ dáadáa, wọ́n á béèrè bó o ṣe wà, wọ́n á sì ti kọjá lọ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo yí padà tẹ̀lé obìnrin kan nínú ilé ìtajà láti parí ìdáhùn mi. Ó béèrè, mo sì ń sọ fún un nípa orúnkún mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán o. Fẹ́mi ló wá fà mí lọ́wọ́.

Fẹ́mi ro iyán fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Inú páálí ló ti da ìyẹ̀fun rẹ̀ jáde. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé àbúrò mi ni.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé mi lọ síbi òpó. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti wo fídíò rẹ̀ títí ojú mi fi fẹ́ẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn yàtọ̀. Òpó funfun mẹ́jọ dúró ní ẹsẹ kan bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí ìlà. Mo gbé okùn ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n okùn náà nípọn, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ nínú rẹ̀. Omi ni. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú okùn náà, ohun tútù ń ṣàn nínú rẹ̀ kí bàbà má bàa gbóná jù. Mo ti kà á rí, mo sì rò pé mo gbà á gbọ́. N kò gbà á gbọ́ títí mo fi gbé e dání.

Fẹ́mi tì í bọ ẹnu ọkọ̀ rẹ̀. Kílówáàtì àádọ́jọ! Ẹ ronú rẹ̀ báyìí: ẹ lọ yá áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àádọ́jọ ilé ní Òkè-Ìlá, ẹ tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá da gbogbo iná yẹn gba inú ihò kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ. Mo dúró bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Fẹ́mi, ta ló ni òpó yìí?"

"Ilé-iṣẹ́ kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe àwọn tó ṣe ọkọ̀ mi. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀."

"Ó sì ń fún ọkọ̀ rẹ níná?"

"Ẹ ń wò ó kẹ̀."

Ó fi ohun ìsopọ̀ kékeré kan hàn mí, dúdú, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, ẹnu àtijọ́ ló ní, ohun ìsopọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí òpó àti ọkọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Àwọn ọkọ̀ tuntun, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi ẹnu tuntun náà sí wọn lára. Ilé-iṣẹ́ tó ní òpó jù ló ṣí àpẹẹrẹ ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kó wá mú un. Àwọn yòókù kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan sọ pé òun gbà. Òmíràn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń rọ́ wá.

"Fẹ́mi," mo ní, "gbé mi rin ọ̀nà jíjìn. Ibi tí bátìrì á ti gbẹ lọ́nà."

Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Memphis, ìrìn odindi ọjọ́ kan. A gbéra ní kùtùkùtù.

Lufkin: okùn tí kò rí ibi lọ

Igi páìnì ló kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, ó ga, ó tò bí ẹni pé ẹnìkan fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ kò pariwo, nítorí náà à ń gbọ́ afẹ́fẹ́, à ń gbọ́ táyà, à ń gbọ́ ara wa. A dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Lufkin, ó ku pásẹ́ńtì mọ́kànlá. Òpó mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò ṣiṣẹ́, ọkọ̀ wà ní méjì, àwa sì gba ẹ̀kẹrin. Fẹ́mi wọlé lọ ra kọfí. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń ka owó ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá funfun kan dé, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Bàbá òyìnbó kan ló wà á. Ó dúró síwájú òpó tó kú ní ẹ̀gbẹ́ wa, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó rí i pé òpó náà kò ṣiṣẹ́, ó sì fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ láti dúró de àyè. Gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun. Oòrùn sì ń pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni nínú yín tí yóò jókòó kí àgbàlagbà wà ní ìdúró?

Mo jáde. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo fa okùn yọ lẹ́nu ọkọ̀ Fẹ́mi, mo bọ́ ohun ìsopọ̀ kúrò, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé okùn náà lọ bá bàbá yìí, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré di apá mi mú.

"Ṣé ẹ fara pa?"

"Rárá o, Sà. Mò ń kí yín ni."

"Ẹ ń kí mi? Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ gbà, Sà. Ẹ̀yin lẹ kàn."

Ó wo ọkọ̀ wa. "Ó ti kún ni?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Ará Èkìtì mọ ohun tí "ó tó bẹ́ẹ̀" túmọ̀ sí. Òyìnbó kò mọ̀ ọ́n. Ó dúpẹ́, ó fi ohun ìsopọ̀ tirẹ̀ sẹ́nu okùn, ó tì í bọ ọkọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni Fẹ́mi jáde pẹ̀lú kọfí méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Bàbá dé."

"Bàbá ta ni? Ẹ̀gbọ́n mi, pásẹ́ńtì mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀ yẹn! Kò lè gbé wa débi kankan. Níbí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ mu. Wọn kì í béèrè ọjọ́ orí lẹ́nu òpó."

"Ọjọ́ tí màmá wa bí ọ, ṣé wọ́n bí ọ pẹ̀lú ẹnu yìí?"

Bàbá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọn kì í ti gbọ́ ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fẹ́mi sọ fún un. Ojú bàbá pọ́n, ó fa okùn yọ lára ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, pé n kò lè gbà á. Ó ní dandan ni. Mo dá a padà. Ó tún gbé e wá. Báyìí la ṣe dúró nínú oòrùn, okùn wà láàárín èmi àti bàbá, kò sí ọkọ̀ kan tó ń mu iná, kílówáàtì àádọ́jọ sì wà lẹ́nu okùn tó ń wò wá.

Obìnrin kan nínú ọkọ̀ pupa tó wà ní ìkẹta yọ orí jáde. Ó ti ń wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

"Mo ti fẹ́ẹ̀ kún," ó ní. "Ẹ wá gba tèmi, kẹ́ ẹ má bàa fi ìwà rere pa ara yín."

"Tèmi náà dára jù ú lọ"

Bàbá ní a kò ní lọ láìjẹun. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọ́n gbé ẹja àrọ̀ wá, wọ́n yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo kí wọ́n tó dín in, àti ohun roboto kékeré kan tí wọ́n fi àgbàdo náà ṣe. Mo bù ú jẹ, mo sì wo Fẹ́mi. Àkàrà àgbàdo ni! Adùn ẹja náà dé egungun. N kò retí pé ìlú òyìnbó mọ bí wọ́n ṣe ń dín nǹkan.

Bàbá náà ti ta tírákítọ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo sọ. Kò gbọ́ Èkìtì rí, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun tí a ń gbìn níbẹ̀, ó sì gbọ́ ìdáhùn mi tán pátápátá, òun ni òyìnbó kejì tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ní òpó, pé mo ní máṣíìnì mẹ́fà, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tó gbé mi kúrò nílé. "Ọkọ̀ akẹ́rù yín, ẹnu mìíràn ló ní. Kí lẹ rò nígbà tí ilé-iṣẹ́ yín gbà fún ti ẹlòmíràn?"

"Inú bí mi," ó ní. "Mo ti ri òpó sílé mi, pẹ̀lú ẹnu àtijọ́. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo bú wọn. Mo ní wọ́n ti tà mí fún ọ̀tá." Ó rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ọmọ-ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, màá ti jókòó pẹ̀lú máàpù kí n máa wá òpó tó bá ẹnu mi mu. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn wa ọkọ̀ lọ. Ibi tí ebi pa mí ni mo dúró."

Mo sọ ti Adó fún un. Mo sọ ti Alhaji, mo sọ ti Dáre tó ń ti máṣíìnì. Mo wá ṣàlàyé ẹnu tèmi fún un, mo ya á sórí bébà ìnuwọ́: irin méjì tó nípọn, ìkọ́ tó ń tì í, rọ́bà tí kò jẹ́ kí òjò wọ̀ ọ́. Ti Alhaji kò ní ìkọ́, kò ní rọ́bà, irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo sọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹja mi tutù.

Bàbá fa bébà náà sọ́dọ̀, ó wo àwòrán náà.

"Òpó mélòó lẹ ní?"

"Ọ̀kan."

"Òun ńkọ́?"

"Mẹ́ta."

Ó jẹ ẹja díẹ̀ sí i, kò kánjú.

"Mà," ó ní, "tèmi náà dára jù ú lọ."

Ó ní kí wọ́n tún gbé àkàrà àgbàdo wá. Fẹ́mi wò mí, ó sì yí ojú sí fèrèsé, nítorí ó mọ̀ mí. Mo ká bébà náà, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo wá fi nu ọwọ́.

Odò náà

A tún mu iná ní Texarkana, a mu ún lẹ́yìn Little Rock, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìkejì, obìnrin kan tó ń ta epo àti sìgá nínú ṣọ́ọ̀bù béèrè bóyá ará Jàmáíkà ni mí. Mo ní Èkìtì ni. Ó ní òun fẹ́ràn ìlù àwọn ará Jàmáíkà. Mo dúpẹ́ lórúkọ wọn.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí a gun orí afárá tó wọ Memphis. Fẹ́mi kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Odò Mississippi kàn ṣí sílẹ̀ lábẹ́ wa, aláwọ̀ ilẹ̀, ó fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi ńlá tó wà láàárín rẹ̀ dà bí èèrà lórí ẹní. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ odò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti kọ ọ́ sára pátákó, mo ti na àwọn kan nítorí pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. N kò rò ó rí pé ó ń ṣàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ (egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n sì da nǹkan aládùn bíi ṣúgà lé e lórí, mo gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì), mo ní kí Fẹ́mi tún gbé mi lọ síbi òpó. Ọkọ̀ wa kò nílò iná. Mo kàn fẹ́ wò ó. Mo rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà dé òpin. Ọkọ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ méje ni mo kà níwájú wọn: ti Amẹ́ríkà, ti Kòríà, ti Jámánì, ti Sweden, àwọn tó ti fi ìpolówó ọjà bú ara wọn fún ọdún mélòó kan. Gbogbo wọn dojú kọ òpó bí ewúrẹ́ níbi ọpọ́n omi. Kò sí èyí tó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìró kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti fáànù inú òpó.

Omijé bọ́ lójú mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni òpó wọ̀nyẹn kò kéré sí i nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ń mu níbẹ̀, àwọn tó ju ẹnu tiwọn nù kò sì kú. Mo wá rí i pé èmi ni n óò ju tèmi nù. Mo ti rò ó ní gbogbo ọ̀nà pé bóyá Alhaji ni ó yẹ kó wá bá mi, torí mo ju ú lọ lọ́jọ́ orí, mo sì ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òun ló ní òpó mẹ́ta.

Ìjan

Nígbà tí mo padà délé, mo lọ bá Alhaji Làmídì nídìí òpó rẹ̀ ní Ìjan, ó ń nu eruku kúrò lára páńẹ́lì. Dáre ló gbé mi lọ.

Alhaji dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ọkùnrin ọlọ́jà ṣe máa ń ṣe é. "Màmá! Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu òfurufú. Ṣé ẹ ti bá wa gba ẹnu òyìnbó bọ̀?"

"Tìrẹ ni mo wá gbà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rín lójú mi.

"Màmá, ẹ má bá mi ṣeré."

"Màá gé tèmi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ti òpó mi. Ẹnu tìrẹ ni màá fi rọ́pò."

"Kí lẹ wá fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Kó o ṣí òpó rẹ fún àwọn ọmọ mi bó o ṣe ṣí i fún tìrẹ. Iye kan náà, ìlà kan náà. Kí tìrẹ náà máa mu lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Ìlá."

Ó wo Dáre, ó wo òpó rẹ̀. Kò sí máṣíìnì kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹyọ kan kò yà síbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo Òkè-Ìlá pé ẹnu mi dà bí ẹnu kẹ́tùlù."

"Ó dà bẹ́ẹ̀."

"Màmá!"

"Òjò máa wọ̀ ọ́, Làmídì. Kò ní rọ́bà. Irin rẹ̀ sì ń gbóná tí wọ́n bá ń mu ún pẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń fi rọ́bà sí i, mo sì mọ ibi tí irin tó nípọn wà. Jẹ́ kí n tún un ṣe fún gbogbo wa."

Ó fi aṣọ ìnulẹ̀ gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Òjò ti wọ ti Ìlúmọba lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí òpó náà gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Dáre. "Ìwọ, ọmọ Mọ́mì Ṣájà, ṣé o ṣì fẹ́ ta máṣíìnì yẹn?"

"Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì," ni Dáre fèsì. "Ẹ̀yin àgbà ń jà, iṣu mi ń rà."

Níbẹ̀ náà ni a ti ṣe ti Dáre. Mo gbé pílàsì, mo gé ẹnu tí mo fúnra mi yàn, tí mo fúnra mi yìn. Ó já gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kánjú ṣe: àwọ̀ wáyà Alhaji dojú kọ òdìkejì tèmi, ẹni tó bá so pupa mọ́ pupa á jó bátìrì fólìtì méjìléláàádọ́rin kó tó ṣẹ́jú. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, mo ní kí Alhaji wọ̀n ọ́n.

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wọ̀n ọ́n," ni Dáre wí.

"Di wáyà mú dáadáa. Gbẹ́nu sọ́hùn-ún."

Nígbà tó tì í bọ òpó, iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn. Alhaji ní "Alhamdulillahi," èmi ní "Ẹ ṣeun, Olúwa," a sì ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè.

Nọ́ńbà

Dáre kó iṣu láti Ìlúmọba lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e. Kò tíì gbé máṣíìnì yẹn débẹ̀ rí. Ó mu iná ní Ìlúmọba, níbi tí a ti fi rọ́bà sẹ́nu òpó, ó tún mu díẹ̀ ní Ìjan lójú ọ̀nà bíbọ̀. Ó pè mí láti ibẹ̀, n kò gbọ́ ju ìró ọjà lọ, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: "Ó ń mu, Mọ́mì! Ẹ gbọ́ mi? Mo jókòó, mò ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń mu!"

Nígbà tó dé iwájú ilé mi, mo fi fóònù ya àwòrán mítà rẹ̀ kó tó sọ iṣu kalẹ̀. Kìlómítà mọ́kànléláàádọ́rin ló rìn lọ́jọ́ náà. Ó ku pásẹ́ńtì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò ti máṣíìnì kankan. Mo bi í léèrè nípa ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni náà ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, òun kò gbé e.

Mẹ́fà tèmi, mọ́kànlá ti Alhaji: máṣíìnì mẹ́tàdínlógún ló ń mu iná ní òpó mẹ́rin, láti Adó dé Ìlúmọba, lẹ́nu kan náà. Lánàá ni ìkejìdínlógún dé. Ọkùnrin kan gbé e wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti rà á, a kò mọ ẹni náà. Mo gbé pílàsì jáde pé kí n bá a gé ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, pé òun ti gé e nílé, òun sì ti fi irú ẹnu tiwa sí i, kí òun tó wá.